Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Kámẹ́rà Mi, Tí Ojú Hámídà Bá A Lọ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ fọ́tò dára àbí kò dára, ẹ jókòó. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mi ò ní sọ pé ẹ ṣe é, mi ò sì ní sọ pé ẹ má ṣe é. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ, kí oníkálukú mú èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Sìdíkátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Mówè tí ẹ béèrè Sìdíkátù, ẹ máa rìn títí ẹsẹ̀ yín á fi wú. Ìyá Onífọ́tò ni kí ẹ béèrè. Orúnkún ló mú mi fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ojú. Ojú mi ṣì ń rí gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ìwó ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ta àwo ní Ìfọ̀ mú mi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pé kí n wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ gún gbogbo ìka mi tán, mo ní mi ò lọ mọ́. Onífọ́tò kan wà ní òdìkejì títì tí gbogbo Ìfọ̀ ń pè ní Bàbá Kàmórù. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń sá fọ́tò tutù sórí okùn, ojú àwọn èèyàn á sì máa fì nínú afẹ́fẹ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi pé ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Wọ́n ní, "Ṣé o ti rí obìnrin tó ń ya fọ́tò rí?"

Mo ní rárá.

"O wá fẹ́ lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

Mo ní iṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ kọ́. Oríkunkun mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín.

Bí Bàbá Kàmórù ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, ìyẹn ò le. Wọ́n gbà mí, ó parí. Ohun tó le ni pé oṣù mẹ́fà gbáko ni Bàbá Kàmórù fi gbé kámẹ́rà tí kò ní fíìmù lé mi lọ́wọ́. Oníbàárà á jókòó, ọ̀gá á yà á, èmi náà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá dijú kan, màá tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Bí oníbàárà bá ti jáde ni wọ́n á bi mí pé, "Sìdí, kí lo yà?" Màá ní mo ya ìyá kan àti ọmọ rẹ̀. "Ọwọ́ ọmọ ńkọ́, ibo ló wà?" Mi ò mọ̀. "Gèlè ìyá ńkọ́, ṣé ó wọlé tán àbí o gé e lórí?" Mi ò mọ̀. Wọ́n á ní, "O ò tíì ya nǹkan kan. Fíìmù mi ò pọ̀ tó èyí tí mo máa fún afọ́jú." Mo sunkún, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún, mo lè sọ iye bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀wù oníbàárà láì yí ojú padà.

Wọ́n tún ní òfin kan tó le ju ìyẹn lọ. Kámẹ́rà kankan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ, ì báà jẹ́ wákàtí kan, àfi kí o ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o fi ojú ara rẹ rí i pé kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbé kámẹ́rà kejì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe lẹ́bàá ojú irin láì ṣí i. Wọ́n ní kí n padà lọ gbé e wá, kí n fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n ṣí i lójú mi. Òfìfo ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ rí i pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀." Wọ́n ní, "Èmi rí i. Ìwọ ni o ò rí i kí o tó gbé e jáde." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi kí ìrun Alásárì. Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an ni, mo ní ìkà ni wọ́n.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò, òórùn kẹ́míkà yẹn ò kúrò nínú irun mi títí mo fi gba fíríìdọ̀mù. Mo fẹ́ ọkọ, ọkọ mi ń kọ́lé fún àwọn èèyàn ní Mówè, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti bíríkì. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Pásípọ́ọ̀tù ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rí ọ̀nà tèmi. Lọ́jọ́ kan, àlùfáà kan wá. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ń béèrè pásípọ́ọ̀tù. Ẹlẹ́hàá ni ìyàwó náà. Ọkùnrin kankan tí kì í ṣe ọkọ tàbí ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀, ọkùnrin sì ni gbogbo onífọ́tò láti ibí dé Ìbàfọ̀. Mo lọ sílé wọn, mo fa kọ́tìnnì, obìnrin náà gbé ìbòjú rẹ̀ sókè, mo yà á, mo fọ fíìmù fúnra mi, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, mo kó nẹ́gátíìfù pẹ̀lú fọ́tò lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kárí. Kí n tó mọ̀, gbogbo ẹlẹ́hàá tó wà ní Mówè, Ìbàfọ̀, títí dé Ìfọ̀, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Yìgì, ìsọmọlórúkọ, èyí tó kàn fẹ́ rí bí òun ṣe rí kí òun tó darúgbó. Ẹ̀yin ò mọ̀ bí àwọn obìnrin yẹn ṣe ń rẹ́rìn-ín tó, bí ìlẹ̀kùn bá ti tì tán.

Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ dé, ìnira ló bá mi. Gbogbo ayé ń gbé fíìmù aláwọ̀ lọ sí ilé ìfọfọ́tò l'Ékòó, ọkùnrin ló sì kún ibẹ̀. Mi ò lè gbé ojú ìyàwó oníyàwó lọ síbẹ̀. Dúdú àti funfun ni mò ń bá wọn ṣe, títí àwọn èèyàn fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Onífọ́tò ò tíì gbọ́ pé ayé ti láwọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí kámẹ́rà oníkáàdì dé, tí fọ́tò ń wọ inú káàdì kékeré dípò fíìmù. Mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò kékeré sínú ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ fọ́tò aláwọ̀ àkọ́kọ́ fún ìyá ẹlẹ́hàá kan. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé bí búlúù aṣọ mi ṣe mọ́lẹ̀ tó nìyí?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà.

Ibí gan-an ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi owó yín ṣòfò, èmi náà ò sì gbọ́n jù yín lọ nígbà náà. Ẹ ti rí i pé kámẹ́rà, ọ̀nà méjì ló pín sí: bọ́dì tí a ń dì mú, àti lẹ́ǹsì tí a ń kì sí i níwájú. Bọ́dì ńlá ló wọ̀ mí lójú. Tòkunbọ̀ ni, ó wúwo bí ọlọ, ó ní ihò káàdì méjì, tí èèyàn bá gbé e kọ́rùn, ọ̀nà á máa là fún un. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi rà á. Èyí tó kù ò tó ra nǹkan kan ju lẹ́ǹsì oníke kékeré kan tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, mo gbàgbé. Ẹ fojú inú wò ó: inú yàrá tí wọ́n ti fa kọ́tìnnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́ǹsì tó ń fẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan ni mo gbé lọ. Fọ́tò á ṣókùnkùn, ara rẹ̀ á ṣe bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Tí mo bá tan iná fíláàṣì, ojú ìyàwó á funfun bí ẹni pé ó kun ẹfun.

Nítorí náà ẹ fetí sílẹ̀. Bí owó yín bá kéré, lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bọ́dì á gbó, lẹ́ǹsì á wà. Bọ́dì kékeré àtijọ́ pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó lajú dáadáa á na bọ́dì ńlá onílẹ́ǹsì burúkú nígbàkigbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní fífítì, kò wọ́n, kò tóbi, ó sì ń ríran nínú òkùnkùn. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ má wo ìta rẹ̀ nìkan. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ tàn án gba inú lẹ́ǹsì kọjá, bí ẹ bá rí ohun kan tó ń ta gbòǹgbò bí òwú aláǹtakùn, ó ti ń bu nínú bí búrẹ́dì ọjọ́ karùn-ún nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ bọ́dì náà. Ẹni tó ń tà á á ní òun ò mọ̀. Ẹ ní kó lọ mọ̀ ọ́n, ẹ máa dúró dè é.

Mo lo bọ́dì ńlá yẹn fún ọdún méjì, mo ń bínú sí i lójoojúmọ́. Níkẹyìn mo pinnu pé màá pààrọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ìbàfọ̀ tó ń jẹ́ Wàsíù, kámẹ́rà tòkunbọ̀ ló ń tà. Ó ní tí mo bá gbé bọ́dì ńlá wá, òun á fún mi ní bọ́dì kékeré kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì méjì tó dára, fífítì kan, àti èyí tó gùn díẹ̀ tí a fi ń ya ojú èèyàn láti òkèèrè. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú méjèèjì, wọ́n mọ́ kedere. Mo ní kó dúró dè mí, iṣẹ́ kan ló kù lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ náà ni yìgì Hámídà. Mo mọ Hámídà láti kékeré, ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ yà. Ọmọ tó ní ìtìjú ni, ẹlẹ́hàá tòótọ́, kì í ṣe èyí tó ń ṣe é torí ọkọ. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun rí láyé rẹ̀, kódà fún káàdì ìdánimọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìjà ni. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí àwọn ní ọ̀kan péré. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, tó gbé ìbòjú rẹ̀ sórí itan, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin nìkan ni mo fún ní ojú mi o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ ní àkókò yẹn gan-an. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ya èyí tó dùn mọ́ mi nínú tó ọ̀kan yẹn.

Mo tẹ fọ́tò náà, mo kó o fún wọn. Ní ọjọ́ kejì mo yọ káàdì kúrò nínú bọ́dì, mo nu bọ́dì mọ́ tónítóní, mo gbé e lọ sí Ìbàfọ̀, mo kó lẹ́ǹsì mi wálé. Ọmọ mi obìnrin tó kẹ́yìn ní ń ṣe ni mò ń rìn bí ẹni tó gba oyè.

Lówurọ̀ ọjọ́ kẹta, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń kọ́ bí bọ́dì kékeré náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ṣí ibi tí káàdì ń wọ̀. Ihò kan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀kan péré? Méjì ni tèmi àtijọ́ ní." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo rántí. Èmi fúnra mi ni mo tò ó sí bọ́dì ńlá yẹn pé ohunkóhun tí mo bá yà, kó máa kọ ọ́ sínú káàdì méjèèjì, kí ọ̀kan má baà bàjẹ́ kí iṣẹ́ oníbàárà ṣòfò. Káàdì inú ihò kìíní ni mo yọ. Èkejì ti bá kámẹ́rà lọ. Iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, mo ti pa wọ́n rẹ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú Hámídà wà nínú ẹ̀, tòun ti ẹ̀rín. Ẹni tí wọ́n fi sórí ìkúnlẹ̀ nítorí kámẹ́rà òfìfo ló ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ojú tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ Wàsíù. Ó ní, "Mọ́mì, kámẹ́rà yẹn ti lọ. Àná ni mo tà á."

Mo ní ta ló rà á.

"Mọ́mì, mi ò lè fún yín ní nọ́ḿbà oníbàárà. Ẹ̀yin náà ẹ ò ní fẹ́ kí n fún ẹlòmíràn ní tiyín."

Mo ní káàdì mi ló wà nínú ẹ̀. Ó fa àpótí kan yọ, ó ní kí n mú káàdì tuntun, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò lè sọ ohun tó wà nínú káàdì fún un. Tí mo bá sọ fún ọkùnrin pé fọ́tò ẹlẹ́hàá wà níbì kan, ṣé mi ò ti fi ọwọ́ ara mi ṣí ojú ẹ̀ fún un láti wá a? Mo ní, "Mi ò fẹ́ tuntun. Tèmi ni mo fẹ́." Mo fa àga kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó di ọ̀sán, mo béèrè omi, mo ṣe àlùwàlá, mo tẹ́ ẹní sáàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo kí ìrun Àílà. Àwọn oníbàárà ń fẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo kí Alásárì níbẹ̀. Nígbà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo kí i pé ó dàárọ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí ó tó dé, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà kan wá ra lẹ́ǹsì, ó bi mí pé, "Ṣé ó dára, Mà?" Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ní, "Ó ti bu. Má rà á." Wàsíù ranjú mọ́ mi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì wá, mo tún wò ó fún un. Kí Àílà tó tó, Wàsíù ti fa fóònù yọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Dámilọ́lá lorúkọ ẹni tó rà á, inú ẹ́sítéètì OPIC ló ń gbé. Mo ti sọ fún un pé ẹ ń bọ̀."

Dámilọ́lá kì í ṣe ọmọ burúkú. Ilé tí wọ́n fẹ́ tà ló máa ń yà fún àwọn tó ń tà á. Ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀ fún mi, bí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Mà, káàdì yín wà níbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ti wà lórí ẹ̀. Ilé mẹ́rin ni mo ya fídíò wọn, ẹni tó ni wọ́n wà lókè òkun, ọ̀la ló fẹ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí n kó tèmi kúrò, kí n fún yín."

"Báwo lo ṣe máa kó o kúrò?"

"Màá kì í sínú láptọ́ọ̀pù, Mà. Kò lè pẹ́."

Bó bá ti kì í sínú láptọ́ọ̀pù, gbogbo ohun tó wà nínú káàdì ló máa tò sílẹ̀ níwájú ẹ̀ bí ọjà.

Mo ní, "Rárá. Èmi ni màá kó o fún ẹ. Gbé láptọ́ọ̀pù náà wá síbí, kí o kọjú sí ògiri."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú mi, ẹ̀rín náà tán. "Mà, tí ẹ bá wá pa fídíò mi rẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ tí ò ń ṣe yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Tí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ẹ jẹ́, kí Ọlọ́run má gba ìrun mi."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó gbé láptọ́ọ̀pù sórí àga fún mi, ó lọ kọjú sí ògiri, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà ń fìyà jẹ. Mo kó fídíò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, mo ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan kí n lè rí i pé wọ́n pé. Mo yọ káàdì, mo fi sínú àpò àyà mi. Mo ní kó yí padà.

Ó yẹ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, "Dámilọ́lá, ṣé o wo nǹkan kan nínú ẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kan, Mà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́ ni. Mo rí ọmọbìnrin kan tó fọwọ́ bo ẹnu, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá rí ìbòjú lórí itan ẹ̀, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n rí i. Mo pa kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀. Mi ò wo òmíràn."

Mo gbà á gbọ́. Ta ló fi ipá mú un kó sọ ọ́? Mo ṣàdúrà fún un, mo jáde.

Nínú mọ́tò, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi dúnàádúrà. Káàdì ti dọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin yẹn ò mọ orúkọ Hámídà, kò mọ ilé ẹ̀, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ìbòjú ló máa rí. Wàsíù ò mọ nǹkan kan. Bí mo bá panu mọ́, ta ló máa gbọ́? Bẹ́ẹ̀, bí mo bá sọ ọ́, oúnjẹ mi lọ. Mo ro ó láti OPIC títí dé Mówè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ojú yẹn kì í ṣe tèmi. Òun ló ni ín, òun ló sì yẹ kó mọ ẹni tó rí i. Mi ò yà sílé. Ilé ọkọ Hámídà ni mo sọ̀ sí.

Òun nìkan ló wà nílé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó yọ ìbòjú nítorí pé èmi ni. Mo sọ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Mo gbé káàdì sórí tábìlì níwájú ẹ̀.

Ó wá ní, "Èwo ló rí?"

Mo ní, "Èyí tí o ti ń rẹ́rìn-ín."

Ó mú káàdì náà. Kò bú mi. Ó ní òun fúnra òun ló máa sọ fún ọkọ òun, kí n má bá òun sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀ lójú mi, níbi tí a jókòó sí, nínú yàrá ara rẹ̀, èmi obìnrin bíi tirẹ̀. Mo ti gba ìgbátí rí, ọ̀gá mi ti fi mí sórí ìkúnlẹ̀ rí, kò sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dé àsàlátù wọn. Odidi ọdún kan kọjá, ẹlẹ́hàá kan ò ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́ǹsì méjì tó ń ríran nínú òkùnkùn wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó pè mí sí ibi òkùnkùn mọ́. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mò ń yà. Àwọn èèyàn ní kí n kó lọ sí Owódé Ẹ̀gbá, pé ibẹ̀ ò mọ̀ mí. Mo ní mi ò lọ. Ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́ ni màá dúró sí, kí ẹni tó bá fẹ́ bi mí lè rí mi. Mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ lójoojúmọ́, bó ní iṣẹ́, bí kò ní.

Ẹ̀yin ti gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́hàá àdúgbò wa máa ń mú káàdì tiwọn wá fún fọ́tò, tí wọ́n á sì mú un lọ. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ìmọ̀ràn tèmi ni. Kì í ṣe tèmi.

Lówurọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé, ó bo ara látòkè délẹ̀, ó gbé ọmọ jòjòló dání. Kí ó tó kí mi ni mo ti mọ ìrìn ẹ̀, Hámídà ni. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo tì í. Ó na ọwọ́ sí kámẹ́rà, mo gbé e fún un, ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣí i han òun. Mo fi hàn án. Ó yọ káàdì tó wà nínú ẹ̀, ó gbé e lé tábìlì, ó yí kámẹ́rà sí òkè sí ìsàlẹ̀, ó ń wá ihò mìíràn. Mo ní, "Ọ̀kan péré ló ní, ọmọ mi." Ó tún wá a. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tú káàdì tuntun kan kúrò ní igun ìborùn rẹ̀, ó kì í sínú ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dá kámẹ́rà padà fún mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ọmọ náà kalẹ̀ sórí itan, ó sì gbé ìbòjú rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Ẹ yà wá, Ìyá."

Omi bò mí lójú, ti àkọ́kọ́ sì bàjẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó má dìde, mo nu ojú mi, mo tún un yà.